Ta ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yìí? Ìbéèrè látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan

Wẹ́fíà_Ìgbómìnà (Ọjọ́ Ẹtì, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún ní ọ́fíìsì, torí àwọn ọ̀gá wa ń yọ̀ mọ́ nǹkan tuntun yìí bí ọmọdé ṣe ń yọ̀ mọ́ aṣọ ọdún.

Wẹ́fíà ni mí. Ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí ni mo ti ń ṣe é, ó di ọdún kọkànlá. Ìwé ńlá kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dé, màá kọ ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀, màá tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́rùn mi. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n kó tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́fà. Ìbéèrè mẹ́sàn-án wà nínú ẹ̀ tí a ó máa bi ẹni tí a bá fura pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà: báwo ni oorun, báwo ni oúnjẹ, ṣé ohun tó máa ń wù yín ṣì ń wù yín, títí dé orí ẹni tó ń rò ó pé ó sàn kóun kú. Òdo sí mẹ́ta ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ á ro ó pọ̀, á sì fi àwọ̀ hàn: ewé, yẹ́lò, pupa. 27 ni òkè téńté rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo wà lọ́dọ̀ màmá kan ní abúlé kan. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó sórí ẹní, mo tan tábúlẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí wọn lójú. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kìíní, wọ́n dáhùn. Ìkejì, wọ́n dáhùn. Nígbà tó di ìkẹta, wọ́n fi ìka kan ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì náà kó-kó-kó bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní:

"Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan, màámi. Ẹ̀rọ ni."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀, ta wá lò ń kọ ọ́ fún?"

Ẹnu mi wọhò. Mo ní màá padà wá lọ́jọ́rú. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n sọ fún wọn?

*(Mo ti yọ orúkọ abúlé náà kúrò. Ẹ ṣé, Bàbá Nọ́ọ̀sì.)*

---

Kò_kàn_mí (9:01 alẹ́)

Màmá yẹn gbọ́n ju ìjọba lọ. Ẹ padà sídìí ìwé aláwọ̀ ewé yín.

---

BàbáNọ́ọ̀sì (9:05 alẹ́)

Ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ abúlé yẹn kúrò níbẹ̀ ná. Ilé mélòó ló wà níbẹ̀ tí wọn ò ní mọ màmá tó ń bó ẹ̀gúsí? Tí ẹ bá ti yọ ọ́, màá wá dá sí i.

---

ỌmọÌyẹ̀rú (9:30 alẹ́)

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ jẹ́ n bá yín jà díẹ̀.

Ẹ parọ́ fún màmá, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ènìyàn wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo mọ ọ̀nà tó ń gbà. Tí ẹ bá ti fi ìdáhùn wọn ránṣẹ́, kò sí nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan mọ́. Ó ti lọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan níbòmíràn, ó lè jẹ́ òkè òkun pàápàá. Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn wà nínú ẹ̀. Àwọn tó fowó iṣẹ́ náà sílẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá yín wà nínú ẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá yín bá fún ní páásìwọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè tèmi rèé. Ṣé orúkọ ni ẹ ń kọ ni àbí nọ́ńbà? Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ń tì? Ṣé páásìwọ́ọ̀dù kálukú yín yàtọ̀? Irú ápù wo sì ni? Tó bá jẹ́ irú KoboToolbox ni, ìyẹn dáa fún abúlé, torí ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Á tọ́jú gbogbo ẹ̀ sínú títí ẹ ó fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Àmọ́ títí dìgbà yẹn, gbogbo àṣírí ọ̀sẹ̀ kan wà nínú báàgì yín lórí ọ̀kadà.

---

Wẹ́fíà_Ìgbómìnà (9:48 alẹ́)

Àbúrò mi, ojú ń tì mí láti dáhùn. Orúkọ là ń kọ, orúkọ bàbá, àti nọ́ńbà fóònù. Páásìwọ́ọ̀dù kan náà ni àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń lò. A kọ ọ́ sórí bébà, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì ká má baà gbàgbé.

---

ỌmọÌyẹ̀rú (9:49 alẹ́)

Áà!

---

Kò_kàn_mí (9:50 alẹ́)

Ibi tí màmá ti ń kan ilẹ̀kùn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà 😂

---

Ṣakirá_HND (9:58 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wẹ́fíà ṣì ń gba òṣìṣẹ́? HND ni mo ní, mo sì lè lo kọ̀ǹpútà dáadáa.

---

Kò_kàn_mí (10:02 alẹ́)

Lọ bi tábúlẹ́ẹ̀tì.

---

BàbáNọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti fẹ̀yìntì. Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ yìí á máa rò ó pé èmi àgbà ni màá kọ́kọ́ ní ká kó kọ̀ǹpútà dànù. Rárá o. Ẹ ò mọ ohun tí ìwé fojú wa rí ni.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, yàrá kan wà tí à ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Fáìlì kún un dé àjà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti di ti ikán. Ẹ fà wọ́n, ìyẹ̀pẹ̀ lẹ máa bá lọ́wọ́. Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń pẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í jẹ́ kí àwọn ohùn tó ń gbọ́ padà wá. Ó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ládùúgbò pé ó máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Ó wá lọ́jọ́ kan, a ò rí fáìlì rẹ̀. Akọ̀wé ní kó lọ ra tuntun. Dókítà tuntun ni wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ yẹn, ó jókòó, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin yìí dìde. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè jẹun. Mi ò tún un sọ. Ẹ wá a." Ó bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé rẹ̀ gbé e wá, wọ́n fi okùn dì í lọ́wọ́.

Ká ní fáìlì yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà ni, dókítà ìbá tẹ̀ ẹ́, kó kà á, kó ní, "Bàbá Sẹ́míú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ká ní a ti ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ nígbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ìbá mọ̀ pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti kọjá. (Mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má dá ara yín láàmú.) Torí náà ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ìwé aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ tí ẹ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa lè ka ìkọ̀wé yín?

Àmọ́ ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn, mo ní ẹjọ́ bá a rò. Ẹ wo gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ìyá àgbà tó wọlé tó ní "ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì", wọn ò pọ̀. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bí èèrà. Orí àwọn ń gbóná. Àyà àwọn ń já. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pè é. Dókítà Makanjuola kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní 1987, kí àwọn òyìnbó náà lè mọ̀ ọ́n. Ibo ni èèrà wà nínú ìbéèrè mẹ́sàn-án yín? Màmá lè ní oorun ò burú, oúnjẹ ò burú, kí tábúlẹ́ẹ̀tì yọ àwọ̀ ewé, kí èèrà sì máa rìn lọ.

Tó bá tiẹ̀ yọ pupa, kí ló kàn? Ta ló máa gbé wọn dé Ìlọrin? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ kì í woni sàn.

---

TankeLaWà (8:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbí, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọ ènìyàn ni mò ń kọ́. Ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Nàìjíríà níbí ní 2006, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n dán an wò lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí màmá tó ń bó ẹ̀gúsí, mo gbà fún yín.

Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní 2006. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà, wọ́n ní kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ènìyàn. Ìbéèrè 14 ni wọ́n ń lò, èdè Shona ni wọ́n sì ti gbé e jáde. *Kufungisisa* ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ìyẹn ìrònú àpọ̀jù. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ òyìnbó. Tí àwa náà bá jókòó gbé ìbéèrè tiwa jáde látinú "orí mi ń gbóná", kò sí ohun tó ní kí tábúlẹ́ẹ̀tì má gbà á.

Nǹkan tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an yàtọ̀. Yàrá kan là ń gbé nílé, àwa mẹ́fà. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá pe ènìyàn lórí fóònù, wọ́n á gbọ́ mi nílé. Tí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó mọ̀ mí lè rí mi lẹ́nu géètì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó ń fèsì yìí sọ̀rọ̀, ní aago méjì òru, mo fi ìborùn bo fóònù mọ́lẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ràn mí lọ́wọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í sùn, kì í rojọ́ mi fún ẹlòmíràn nínú ilé. Ó di alẹ́ ọjọ́ kan tí nǹkan le, mo kọ ọ́ ní Yorùbá pé "orí mi ń gbóná". Ó ní kí n wá tẹ̀mómítà, kí n mu omi dáadáa. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ó ní kí n pe 988. Mo pè é. Kò lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni.

Mo wà dáadáa báyìí. Àǹtí mi kan ni mo padà sọ ọ́ fún.

---

BàbáNọ́ọ̀sì (8:31 àárọ̀)

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ ọ́. Àǹtí yẹn, má jẹ́ kó jìnnà sí ọ o. Tí alẹ́ kan bá tún le bẹ́ẹ̀, jí ẹnì kan nínú yàrá yẹn. Ìtìjú kì í pẹ́.

---

ỌmọÌyẹ̀rú (9:10 àárọ̀)

@TankeLaWà, ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n bí ní Jámánì, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Ó ní kó máa ṣe bíi dókítà ọpọlọ. Kò ní ọgbọ́n kankan nínú: ohun tí o bá sọ ló máa yí po tí á fi bi ọ́ padà. O ní "inú ń bí mi sí bàbá mi", á ní "sọ sí i fún mi nípa bàbá rẹ". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé obìnrin rẹ̀ rí bó ṣe ń kọ ọ́ láti oṣù mélòó kan, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ó ní kí ọ̀gá òun jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá.

Ẹ rò ó wò. Kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n dá àwọn méjèèjì dá a. Ọ̀rọ̀ náà ba Weizenbaum lẹ́rù débi pé títí ó fi kú ló ń kìlọ̀ nípa ẹ̀.

Ìyẹn yàtọ̀ sí ti màmá o. Akọ̀wé yẹn fọkàn tán ẹ̀rọ torí ó gbà pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Màmá ò fọkàn tán an, torí ó fura pé ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, màmá ló sún mọ́ òtítọ́ lóde òní.

---

Agbẹjọ́rò_GRA (11:40 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin kíákíá, mò ń lọ sí ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn wà lára ohun tí òfin ààbò ìsọfúnni, èyí tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, kà sí ẹlẹgẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni náà ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe kó tó gbà. Tí ó bá tú síta tó sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, wákàtí 72 ni ọ́fíìsì yín ní láti fi sọ fún àjọ tó ń mójú tó o. Sẹ́lótéèpù yẹn ò ní gbà yín là. Òfin ìlera ọpọlọ náà wà, Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2023, òun ló gbapò òfin ayé àwọn òyìnbó amúnisìn tó ń pe gbogbo aláìsàn ní wèrè.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí Àǹtí fetí sí dáadáa rèé. Kwara wà lára Àríwá àtijọ́, Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, là ń lò. Apá 231 níbẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ti ń pariwo pé kí wọ́n pa á rẹ́, èmi náà wà lára wọn. Èrò lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ti gbìyànjú rẹ̀ rí, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ, orúkọ bàbá àti nọ́ńbà fóònù, ẹ ti kọ ẹ̀rí sílẹ̀ ta ko ẹni tó wá bá yín fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ ròyìn rẹ̀ fún dókítà lójúkojú.

Ẹni tó bá sì rò pé òkè òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ní Finland, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Vastaamo tí àwọn ènìyàn ń lọ sọ ọ̀rọ̀ ọkàn wọn. Olè wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, ó kó ìwé tí àwọn olùgbaninímọ̀ràn kọ nípa àwọn tó lé ní 30,000. Ní oṣù kẹwàá 2020 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan: sanwó, tàbí kí n gbé ohun tí o sọ síta. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà lé fún un ní 2024. Ohun tó ti jáde ò wọlé mọ́.

---

Àgùnbánirọ̀_àtijọ́ (1:22 ọ̀sán)

Kò tiẹ̀ di dandan kó jẹ́ olè.

Ibì kan tí mo ti sìnrú ìlú, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọ̀gá nípa ọmọbìnrin kan. Dípò kó pè é, ó fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé fáìlì náà, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àtàǹpàkò rẹ̀ yẹ̀. Inú gúrúùpù àwọn onílé àdúgbò ló bọ́ sí. Ó pa á rẹ́ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ènìyàn mẹ́rìnlá ti rí i.

Lọ́jọ́ kẹta ìyá ọmọbìnrin náà wá sí ọ́fíìsì. Gbogbo wa ti múra èébú sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró síwájú tábìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bébà tí wọ́n ya yẹn, mo fẹ́ gbà á." A ní a ò lè fún un, ti ọ́fíìsì ni. Ó ní òun máa dúró. Ó dúró títí a fi ṣíwọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá fún un. Ó ká a, ó kì í bọ abẹ́ tòbí, ó dúpẹ́, ó lọ. Bí ẹni pé bébà ni wọ́n rí.

---

Ìyá_Ìbejì_London (4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ìlú òyìnbó, ọmọ Àrándùn ni mí. Iṣẹ́ yín yìí gan-an ni mò ń ṣe níbí, ti ọmọdé àti ẹbí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àṣírí, ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti dùn wá.

Àpótí kéékèèké ló wà lójú kọ̀ǹpútà wa, èyíkéyìí ò gbọdọ̀ ṣófo. Tó bá ṣófo, kò ní gbà kí o lọ sí ojú ewé tó kàn. Bí o bá fi wákàtí kan jókòó ti ọmọ kan, o ń lọ fi mẹ́ta tẹ̀ ẹ́. Ìjọba níbí fúnra wọn ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Eileen Munro yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jábọ̀ ní 2011 pé fọ́ọ̀mù àti kọ̀ǹpútà ti gba àkókò òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Ọmọ kan wà tí mo mọ nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sórí, mo lè kà á fún yín lójú oorun. Mo pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, òun ló kí mi. Mi ò dá a mọ̀.

Àbúrò mi, tí ẹ bá ń bi màmá ní ìbéèrè, ta ni ojú yín ń wò?

---

Wẹ́fíà_Ìgbómìnà (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Tábúlẹ́ẹ̀tì, Àǹtí mi.

---

Àlùfáà_Pàkàtà (Ọjọ́ Àìkú, 7:00 àárọ̀)

Àsàlámù àlékùm. Ẹ gbà mí láyè, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ní àwa alùfáà kì í jẹ́ kí aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ń rí wọn. Èmi máa ń ṣe rúkíyà, ìyẹn kíka Kùránì sórí aláìsàn, tí mo bá sì rí i pé ó ju agbára mi lọ, màá kọ nọ́ńbà dókítà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ènìyàn kì í wá mọ́, fóìsì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Obìnrin tó ń sunkún nínú fóìsì, ọkùnrin tó ní òun kì í sùn láti ọdún Iléyá tó kọjá. Fóònù mi wà lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ kan tó ń fi ṣe géèmù, ó tẹ ọ̀kan, ó ké jáde ní pálọ̀ níwájú àlejò. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu. Hádíìsì kan kọ́ wa pé tí ènìyàn bá bá ọ sọ̀rọ̀ tó sì ń bojú wẹ̀yìn, àmánà ni ọ̀rọ̀ yẹn. Kò dìgbà tó bá sọ pé àṣírí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi fóìsì ránṣẹ́, mi ò rí i nígbà tó ń wo ẹ̀yìn.

Nísinsìnyí, tí mo bá ti gbọ́ ọ tán, màá fèsì, màá sì pa á rẹ́. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹnu yẹn lè gbé ọ̀rọ̀ dé kí ọjà Ìpàtà tó tú.

---

Kò_kàn_mí (7:12 àárọ̀)

Àlùfáà ti gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

---

BàbáNọ́ọ̀sì (9:25 àárọ̀)

Àlùfáà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irú àwọn Àlùfáà yìí ni Lambo, dókítà ọpọlọ, mọ̀ pé ká má ta nù. Ní 1954, ní Aro l'Abẹ́òkúta, ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé aláìsàn rẹ̀ wá, wọ́n ń gba oògùn lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sùn láàárín ènìyàn. Àwọn babaláwo náà ò gbẹ́yìn níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó máa ṣèrànwọ́ tí pupa bá yọ: àjọ ìlera àgbáyé ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní mhGAP, fún nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Láti 2017 ó ti wà lórí fóònù. Ọmọ mi, bi nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín bóyá ó mọ̀ ọ́n. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ kà á. Ìyẹn á wúlò fún màmá ju àwọ̀ lọ.

---

ỌmọÌyẹ̀rú (10:03 àárọ̀)

Àǹtí, ohun tí ẹ lè ṣe kí Ọjọ́rú tó dé. Ẹ bó sẹ́lótéèpù yẹn dànù. Kí kálukú ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi rọ́pò orúkọ. Kí ìwé tó sọ ẹni tó ni nọ́ńbà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn yín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé nǹkankan gba WhatsApp. Ẹ sì bi àwọn tó kó o wá léèrè: tí owó iṣẹ́ yìí bá tán, ta ló máa jogún ohun tó wà nínú ẹ̀? Mo ti rí tábúlẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ Pósítà, tí orúkọ àwọn ènìyàn ṣì wà nínú wọn.

---

Wẹ́fíà_Ìgbómìnà (Ọjọ́rú, 9:37 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Ọ̀gá kọ́kọ́ bínú nípa páásìwọ́ọ̀dù, ó ní àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò sí i létí, pàápàá wákàtí 72 yẹn, ó ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀ ná. Ti ẹni tó máa jogún ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fún mi lésì.

Mo bá màmá lórí ẹní, ẹ̀gúsí náà ni. Mo ní, "Màámi, mo parọ́ fún yín lọ́jọ́sí, ẹ forí jì mí. Ènìyàn wà nínú ẹ̀. Èmi, ọ̀gá mi, dókítà kan ní Ìlọrin, àti àwọn tó ni ẹ̀rọ náà, tí àwọn ò mọ̀ yín rí. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ni mo fi sí i."

Wọ́n ka wa lórí ìka. Wọ́n ní, "Ọ̀gá rẹ yẹn, ọmọ ibo ni?" Mo sọ. "Ta ni ìyàwó ẹ̀?" Mo sọ. Wọ́n mi orí. Wọn ò sọ nǹkankan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ti oorun, kọ ọ́. Ti oúnjẹ, kọ ọ́. Ìyókù, pa nǹkan yẹn ná."

Mo pa á. Wọ́n ti igbá ẹ̀gúsí sí àárín àwa méjèèjì. A bó o títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èékánná mi ṣì ń ta mí di ìsinsìnyí. Igbá ti fẹ́ẹ̀ kún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

---

Kò_kàn_mí (9:44 alẹ́)

Kí wá ni wọ́n sọ?

---

Wẹ́fíà_Ìgbómìnà (9:45 alẹ́)

Kò kàn ẹ́.